Marlys Kò Gba Ọta Dell

Ọjọ́ tí Marlys dá páálí ọta Dell padà, ẹnu ilẹ̀kùn ahéré iṣẹ́ Dell ni mo wà, mo gbé ẹsẹ̀ ìbaaka kan lé itan, mo ń gé pátákò rẹ̀. Nítorí náà kò sí ẹni tó ròyìn rẹ̀ fún mi. Etí mi ló gbọ́ ọ. Etí ìbaaka náà gbọ́ ọ pẹ̀lú, ńṣe ló na méjèèjì sókè bí ẹni pé ó fẹ́ dá sí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí nǹkan ṣe rí láàárín wa. Ìdílé Haugen ní àgọ́ ọdẹ kan tí wọ́n máa ń pa sẹ́yìn òkè Tamarack lọ́dọọdún, nígbà tí ewé bá ti rẹ̀ dànù tí òtútù bá wọlé. Ẹ́líìkì là ń bá lọ síbẹ̀, àgbọ̀nrín tó ga tó ẹṣin, tí ìwo akọ rẹ̀ dà bí ẹ̀ka igi. Bí àgbọ̀nrín kéékèèké bá sì yọjú, a kì í lé e dànù. Èmi Orrin kì í ṣe Haugen. Ìbaaka ni mo ní, àwọn ìbaaka mi ló ń ru ẹrù wọn gòkè, tí wọ́n sì ń ru ẹran wọn sọ̀kalẹ̀. Ó ti pẹ́ tó báyìí tí wọ́n ti gbàgbé pé n kì í ṣe ọ̀kan lára wọn, wọ́n sì máa ń bú mi bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn.

Dell ló ń ṣe ọta fún gbogbo àgọ́ náà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń lọ sópin, á ti ara rẹ̀ mọ́ inú ahéré yẹn, á máa wọn ẹ̀tù sínú ìkarahun idẹ, á máa fi ọta dé e lórí, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń to ẹyin. Ó mọ ìbọn oníkálukú, ó sì mọ bí ẹ̀tù tí ìbọn náà fẹ́ ṣe pọ̀ tó. Tó bá parí, á kó o sí páálí, á kọ orúkọ olúwa rẹ̀ sí i. A kì í béèrè irú ọta tó wà níbẹ̀ nítorí a ti mọ̀: òjé wúwo tí wọ́n fi awọ bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ bò, ọta tó máa ń fẹ̀ bí olú tó bá ti wọ ara ẹran. Ẹni tó bá gba páálí yẹn, ọwọ́ Dell ló gbà. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ ńkọ́? A ò mọ̀, torí kò sí ẹni tó dán an wò rí.

Marlys wá gbé tirẹ̀ dé, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì iṣẹ́ níwájú Dell.

"Kí lèyí?" ni Dell wí.

"Páálí rẹ ni."

"Mo rí i pé páálí ni, Marlys. Ojú mi ò tíì fọ́. Kí ló dé tó fi ń padà wá bá mi?"

"Mi ò ní lò ó lọ́dún yìí. Mo ti rí ọta mìíràn. Bàbà ni látòkè délẹ̀, kò sí òjé kankan nínú rẹ̀."

Dell bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí iṣẹ́ tó ń ṣe. "Ta ló tà á fún ẹ? Àwọn tó ń ka idì lórí igi, tí wọ́n ní òjé wa ló ń pa wọ́n?"

"Ẹnikẹ́ni ò tà á fún mi. Tábìlì mi ló sọ fún mi."

Marlys ni ìyàwó Lyle, ẹ̀gbọ́n Dell, ẹni tó kú nígbà tí yìnyín ọdún náà ń yọ́. Òun ló máa ń gé ẹran fún gbogbo àgọ́. Bí a bá ti sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, inú gáréèjì rẹ̀ la máa ń kó gbogbo rẹ̀ lọ. Òun ló ń yọ egungun, òun ló ń lọ èyí tó yẹ ní lílọ̀, òun ló ń dì í sínú bébà. Àwa yòókù, ibi tí ọta ti jáde lẹ́nu ìbọn la mọ̀. Marlys mọ ibi tó parí sí.

"Èjìká méjèèjì ẹran tí Wade ọmọ rẹ pa lọ́dún tó kọjá, ajá ló jẹ ẹ́," ni ó wí. "Ẹ̀jẹ̀ dídì, egungun wẹ́wẹ́, òjé wẹ́wẹ́. Mo gé e títí ọwọ́ mi fi rọ, mi ò rí ibi tó mọ́. Ẹran tí Lyle pa kẹ́yìn láyé rẹ̀ náà ńkọ́? Bákan náà. Mo fi abọ́ kó o dànù, Dell. Pẹ̀lú abọ́."

"Àmọ́ ẹran náà ṣubú síbi tó dúró sí!"

"Ó ṣubú. Ìlàjì rẹ̀ ló sì dé inú ìkòkò."

Dell dìde. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun lápá kan. Ó ní, "Gbọ́, Marlys. Bàbà yẹn kì í fẹ̀ bó ṣe yẹ. Á gba ara ẹran kọjá bí abẹ́rẹ́, ẹran á máa sá lọ, á lọ kú síbi tí ìkookò nìkan mọ̀. O mọ òfin àgọ́."

A mọ̀ ọ́n, gbogbo wa. Bàbá wọn ló fi lélẹ̀: ẹni tó bá yìnbọn lu ẹran, tí ẹran náà gbé ọgbẹ́ lọ tí a ò rí i, ọdẹ onítọ̀hún ti parí lọ́dún náà. Á fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìwé àṣẹ ọdẹ rẹ̀ ya lójú gbogbo wa, ìwé tó yẹ kó so mọ́ ẹsẹ̀ ẹran tó bá pa. Dell wá fi tirẹ̀ kún un.

"Fún ìwọ, kò ní mọ sí ọdún yìí. Bí ẹran kan bá gbé ọta ìṣeré yẹn lọ, kó ibùsùn Lyle sọ̀kalẹ̀, má sì padà wá sí àgọ́ mi mọ́."

Mo jẹ́ kí ẹsẹ̀ ìbaaka bọ́ lọ́wọ́ mi. Ibùsùn onírin kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù nínú àgọ́ ńlá, orí rẹ̀ ni Lyle àti Marlys ti ń sùn láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, tí a sì máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Nílé, àwọn ọmọ ti kó aṣọ Lyle lọ fún ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti gbé àga rẹ̀ lọ. Nínú gbogbo ohun tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀, ìbọn rẹ̀ àti ibùsùn yẹn ló kù fún Marlys. Dell mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó mú un sọ ọ́ nìyẹn.

Marlys na ọwọ́ sí i. "Bọ̀ mí lọ́wọ́ lé e lórí, kó má baà di pé o gbàgbé."

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Kò sí èyí tó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ọdẹ tó ṣí, gbogbo wa pàdé ní pápá ìdánrawò tó wà lẹ́yìn ilé epo, níbi tí oníkálukú ti ń yẹ ìbọn rẹ̀ wò. Marlys dùbúlẹ̀ lẹ́yìn àpò yanrìn, ó yìnbọn náà, ó tún un yìn. Ìbọn Lyle kì í ṣe ìbọn ńlá. Bàbá wọn ló rà á kété lẹ́yìn ogun, igi ìdí rẹ̀ ti ń dán bí àga ilé ọtí. Nígbà tí a rìn lọ wo bébà tí ó yìn ín sí, Wade ọmọ Dell ló kọ́kọ́ rí i, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Àwọn ihò náà kò rí roboto. Wọ́n gùn, wọ́n ṣe pẹlẹbẹ, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún, bí ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Ọta náà ti ń yí gbiri lójú ọ̀run, ẹ̀gbẹ́ ló fi lu bébà.

Dell sún mọ́ ọn. Ó yọ bébà náà, ó ká a jẹ́jẹ́, ó lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé ilé ọtí láàárín ìlú. Kí ọjọ́ tó rọ̀, gbogbo àfonífojì ti ń pe Marlys ní Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́. Ẹni tó ń ta epo fún un bi í léèrè bóyá ó lè bá òun ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Mo lọ bá a nílé lọ́jọ́ kejì. Ó jókòó sí ibi ìdáná, ìbọn náà wà lórí tábìlì, ó ń ti ọ̀pá tí wọ́n fi ń nu ìbọn wọ inú rẹ̀, ó ti fi tádà sàmì sí ọ̀pá náà, ó ń wo bó ṣe ń yí.

"Ìbọn Lyle ò ṣe nǹkan kan, Orrin," ni ó wí láì gbójú sókè. "O rí àwọn ìlà inú rẹ̀ tó ń lọ́ bí okùn? Àwọn ló máa ń mú ọta pòyì kó lè fò gún régé. Ti ayé àtijọ́ yìí, ó rọra ń lọ́ ni. Bàbà fúyẹ́ ju òjé lọ, nítorí náà bàbà tó bá wúwo tó òjé á gùn jù ú lọ. Mo fún ìbọn arúgbó ní ọta tó gùn ju ohun tó lè yí lọ."

"Kí ló dé tó o fi mú èyí tó wúwo tó bẹ́ẹ̀?"

Ó yọ ọ̀pá náà jáde. "Torí mo ti ń gbọ́ ohùn Dell láti ọjọ́ tí mo ti wọ ìdílé yìí. Ẹran ńlá, ọta wúwo. Ẹran ńlá, ọta wúwo. Mo ní mo kọ ọta rẹ̀, mo sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọnú ìbọn. Òmùgọ̀ ni mí."

"Jẹ́ kí n lọ gba páálí yẹn padà," ni mo wí. "Màá ní èmi ni mo fẹ́ ẹ. Ojú ò ní tì ẹ́."

"Ojú ò tì mí báyìí náà. Tí o bá dé ibẹ̀, Orrin, màá jù ẹ́ sódò, ìwọ àti ìbaaka rẹ tó ń yínmú yẹn."

Ọta tó mú níkẹyìn kúrú, ó sì fúyẹ́. Kò wúwo ju èyí tí ẹlòmíràn á fi pa àgbọ̀nrín kékeré lẹ́yìn ilé. Nígbà tí ó tún padà sí pápá, ihò mẹ́ta tó lù kò fẹ̀ ju ẹnu ife kọfí lọ, roboto ni gbogbo wọn. Dell wò ó.

"Ó dára fún ehoro," ni ó wí. "Kí ló dé tí o ò kúkú mú kànnàkànnà dání?"

"Mo máa lò ó fún ẹ tí o bá sún mọ́ mi."

Dell tún fọwọ́ kan bébà náà. "Àti pé tí eré bá ti tán lẹ́sẹ̀ ọta yìí, kò ní fẹ̀. O mọ̀ bẹ́ẹ̀? Láti òkèèrè, irin ìránṣọ lásán ni."

"Mo mọ̀. Màá sún mọ́ ẹran ni, bí àwọn tó kọ́ wa ní ọdẹ ṣe ń sún mọ́ ọn kó tó di pé ẹ̀yin ń ra awò orí ìbọn tí ẹ lè fi wo òṣùpá."

Bí a ṣe gòkè nìyẹn. Ní àṣálẹ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí a jẹ ẹ̀wà àti ẹran gbígbẹ tán, a fa káàdì láti mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ yìnbọn bí ẹran bá yọ. Marlys ló fa èyí tó ga jù. Wade ní, "Ó ti dé! Àǹtí Marlys, ẹ rọra o, ẹ má lọ fi kọ́kọ́rọ́ tì í mọ́lé." A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn Lyle, ní apá tirẹ̀ nìkan, ó fi apá kejì sílẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, akọ ẹ́líìkì kan jáde sí òdìkejì àfonífojì. Mo ti ń bá wọn gòkè tipẹ́, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ìwo rẹ̀ ń kan ẹ̀yìn ara rẹ̀. Èémí ń jáde nímú rẹ̀ bí èéfín. Marlys dùbúlẹ̀ lórí àpáta, Dell wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi àti Wade wà lẹ́yìn wọn nínú aṣọ aláwọ̀ ọsàn tí ọdẹ ń wọ̀ kí wọ́n má baà ṣì í yìn, bí èso tó jábọ́.

"Yìn ín," ni Dell sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Marlys wò ó títí. Ìka rẹ̀ kò lọ síbi tí wọ́n ti ń fà á.

"Yìn ín nísinsìnyí! Ó ti fẹ̀gbẹ́ sí ọ!"

"Ó jìnnà."

"Kò jìnnà sí ọta mi."

"Ọta rẹ kọ́ ló wà nínú ìbọn mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀, gbogbo àfonífojì mọ̀! Marlys, ẹran ayé rẹ nìyí. Lyle wá irú èyí títí ó fi kú."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò dára. Mo rí i tí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ó gbé orí kúrò lára ìbọn, ó sì ní, "Lyle ì bá ti sọ pé ó jìnnà. Mo fi sílẹ̀. Tìẹ ni, Dell."

Dell kò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ìbọn rẹ̀ dún, àwọn òkè gbà á lẹ́nu ara wọn, akọ náà sì wó lulẹ̀ bí àgọ́ tí wọ́n fa òpó rẹ̀ yọ. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: ó yìn ín dáadáa. Ọta Dell ń pani, ẹnikẹ́ni ò sọ pé kì í pani. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ibẹ̀ tí a bó awọ rẹ̀, èjìká kan ti di àpòpọ̀ dúdú láti òkè títí dé ìhà. Marlys wò ó. Dell wo Marlys tó ń wò ó, ó bínú ju bí ì bá ti bínú ká ní Marlys sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ mélòó kan kọjá, a ò rí ẹran mìíràn. Lójoojúmọ́ ni Dell ń sọ ìtàn akọ náà nídìí sítóòfù, lójoojúmọ́ ni òdìkejì àfonífojì inú ìtàn náà ń jìnnà sí i. Nígbà tó yá, yìnyín tuntun bọ́ sílẹ̀, Marlys sì pè mí láàárọ̀ pé kí n tẹ̀lé òun lọ sínú igbó páìnì tó wà nísàlẹ̀. Dell àti Wade gba orí òkè lọ.

A rìn jẹ́jẹ́. Tí a bá gbé ẹsẹ̀ kan, a óò dúró. Lẹ́yìn náà òórùn ẹ́líìkì lu wá nímú kí a tó rí wọn, òórùn bíi ti ilé màlúù, lẹ́yìn náà la rí ẹsẹ̀ wọn láàárín igi, ẹsẹ̀ púpọ̀. Abo ni wọ́n, agbo kan. Marlys fi eékún rìn, ó fi àyà wọ́, yìnyín ń wọ ọ́ lọ́rùn. Ó sún mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ó fẹ́ kí wọn ni. Abo kan tí kò lọ́mọ lẹ́yìn yọ sí àlàfo kan, ó fẹ̀gbẹ́ sí i. Marlys yìnbọn.

Abo náà ta ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó sì bá àwọn yòókù sá. Kò kọsẹ̀. Kò tẹ̀. Ó lọ bí ẹni tí wọ́n pè nílé. Ìró ẹsẹ̀ wọn lọ, igbó náà sì pa rọ́rọ́.

Marlys dìde, ó lọ jókòó sórí igi kan tó ṣubú, ó tú kọfí sínú ìdérí fúláàsì.

"A ò ní lọ wò ó?" ni mo bi í.

"Tí mo bá lé e báyìí, á sáré. Tí mo bá fi sílẹ̀, á dùbúlẹ̀. Jókòó."

Ìró ìbọn ti pe Dell. Kò pẹ́ tí òun àti Wade fi sọ̀kalẹ̀ dé, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Dell lọ tààrà síbi tí ẹran náà dúró sí, ó tẹ̀ ba, ó ń fi ìka tú yìnyín. Ó gbé irun díẹ̀ sókè sínú ìmọ́lẹ̀.

"Irun," ni ó wí. "Ẹ̀jẹ̀ dà?"

"Mi ò tíì wò ó."

"Èmi ti wò ó! Kò sí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan. Ọta rẹ gbà á kọjá bí abẹ́rẹ́, bí mo ṣe wí. Ẹran ti wà ní òkè kejì báyìí pẹ̀lú ihò nínú." Ó dìde, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni tó káàánú rẹ̀. "Òfin ni òfin, Marlys. Mú ìwé àṣẹ rẹ jáde."

"Òfin sọ pé ẹran tí a ò rí. Ta ló ti wá a?"

"Wo ilẹ̀! Gbogbo agbo ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ojú pópó. Èwo ni tìẹ nínú rẹ̀?"

"Ìyẹn ni mo fẹ́ lọ wò, nígbà tí mo bá mu kọfí mi tán." Ó sì mu ún. Ó mu ún tán pátápátá, ó gbọn ìdérí náà dànù, ó dé fúláàsì. Mo rí i tó tún ìdérí yẹn yí, tó tún un yí, bẹ́ẹ̀ ó ti le. Èmi nìkan ló rí i.

Agbo náà ti gun òkè lọ, ipasẹ̀ wọn fẹ̀ bí ọ̀nà. Dell bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e, ó ń kọ́ wa bó ṣe ń lọ. Marlys kò tẹ̀lé e. Ó ń rìn lẹ́bàá ipasẹ̀ náà, ó ń wo ìsàlẹ̀, kì í ṣe òkè. Nígbà tó yá ó dúró. Ipasẹ̀ kan ṣoṣo yà kúrò lára àwọn yòókù, ó dorí kọ ọ̀gbun kan tí ìjì ti wó igi sí lórí ara wọn, ibi tí a kì í gbà láéláé tí orí wa bá pé.

"Èmi ń sọ̀kalẹ̀," ni ó wí.

"Ìyẹn lè jẹ́ ẹran mìíràn!" Dell kígbe láti òkè. "Wade! Máa bọ̀ níbí!"

Wade wo bàbá rẹ̀, ó wo ọ̀gbun. "Dádì, ẹran tí ara rẹ̀ dá kì í wọ inú irú ibí yìí," ni ó wí, ó sì tẹ̀lé wa. Mo gbọ́ èébú tí Dell bú u, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Àwa mẹ́ta ń gorí igi, à ń gba abẹ́ igi. Kò sí ẹ̀jẹ̀. A rìn síwájú, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀ka fa Wade lójú ya díẹ̀, ó sì ní ó ti rí ẹ̀jẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n tòun ni. Marlys kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró, ó fi ọwọ́ kan àpò tí ìwé àṣẹ rẹ̀ wà.

"Tí kò bá sí nísàlẹ̀ yìí, Orrin, màá fà á ya fúnra mi, Dell ò ní ní láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Màá kó ibùsùn náà. Àmọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, màá pa àgọ́ tèmi sí òdìkejì odò, níbi tí á ti máa rí èéfín mi láràárọ̀. Ọta yìí náà ni màá sì mú dání."

Ibi tí a dúró sí yẹn gan-an ni Wade fi ọwọ́ gbá igi, tí ó sì wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìfófòó pupa rẹ́súrẹ́sú ni, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, ó ta sára èèpo igi ní gíga àyà ẹran. Abo náà wà ní ìsàlẹ̀ igi tó tẹ̀lé e, ó ká ẹsẹ̀ mọ́ra, yìnyín díẹ̀ ti bọ́ sí i lẹ́yìn. Kò jìnnà síbi tó ti gba ọta. Ká ní kò sí igi wíwó, à bá ti rí i láti ibi tí a jókòó sí.

Wade fọn fèrè ẹnu. Marlys kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ sí ẹran náà lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ó so ìwé àṣẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó yọ ọ̀bẹ. Nígbà tí Dell fi máa dé, awọ ti ká kúrò ní ìhà kan. Ihò tí ọta gbà wọlé kò ju orí ìka kékeré lọ, èyí tó gbà jáde tó owó ẹyọ ńlá. Láàárín méjèèjì, ẹ̀dọ̀fóró ti di omi. Èjìká méjèèjì pupa dáadáa, ó mọ́, èèyàn lè jẹ ẹ́ títí dé etí ihò.

Dell wò ó pẹ́. Ó fi ìka wọ ihò náà, ó yọ ọ́.

"Oríire ni," ni ó wí. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó tẹ̀ ba láti gbé itan kan. Bí a ṣe ń ṣe ní àgọ́ nìyẹn: ẹni tó bá wà níbẹ̀ nígbà tí ẹran kú, á gbé níbẹ̀. A kì í bi ara wa.

"Má fọwọ́ kàn án," ni Marlys wí.

Gbogbo wa dúró. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kọ ọwọ́ ẹnìkejì lórí ẹran rí, kódà nígbà tí àwọn méjì ń bára wọn ṣẹjọ́ ilẹ̀.

"Kí lo wí?"

"Mo ní má fọwọ́ kàn án. A bọ ọwọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan. Ìwọ lo sọ ọ̀rọ̀ ibùsùn àti ọta yẹn, ìwọ lo máa kó o jẹ."

"Marlys, òtútù ń mú."

"Òtútù ń mú mi náà. Jókòó."

Dell jókòó. Ó jókòó sórí igi kan lókè wa, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. A gé ẹran náà. Mo gbé apá kan pọ̀n, Marlys gbé èkejì, a gun ọ̀gbun yẹn, a dé ọ̀dọ̀ ìbaaka tí mo lọ mú wá sí etí ọ̀gbun, a tún sọ̀kalẹ̀. Wade gbé itan kan. Bó ṣe ń kọjá lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹ sọ ọ́ ká lè lọ jẹun," Dell sì ní kó dákẹ́. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, ó ń bo fìlà rẹ̀, ó ń bo irùngbọ̀n rẹ̀ níbi tí kò tíì funfun. Ó jọ òkúta tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀.

Itan kan ló kù, èyí tó wúwo jù, Wade sì ti wà lókè lọ́dọ̀ ìbaaka. Marlys tẹ̀ ba láti gbé e, eékún rẹ̀ yẹ̀, ó ṣubú lu ẹran náà, ó tún dìde. Kò wo òkè. Ó tún gbé e, ó dé ìdajì ìdúró.

"Ibùsùn Lyle," ni Dell wí láti orí igi. "Tìẹ ni."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí á fi sú ẹ. Mi ò ní sọ ìyẹn mọ́."

"Ọta náà ńkọ́?"

"Má dán sùúrù mi wò, Marlys."

"Mo gbọ́. Gbogbo ìlú ló gbọ́ tìẹ nígbà tí o lẹ̀ mí mọ́ fèrèsé, àwa mẹ́ta péré ló máa gbọ́ èyí. Ọta náà ńkọ́?"

Dell gbọn yìnyín kúrò ní fìlà. Ó gbọ̀n ọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. "Ó pa á," ni ó wí. "Ó pa á dáadáa, kò sì ba ẹran jẹ́. Ṣé ó tó?"

Marlys jẹ́ kí itan náà sọ̀ sórí igi kan. "Sọ̀kalẹ̀ wá gbé e. Má jẹ́ kó kan ilẹ̀."

Ó sọ̀kalẹ̀, ó gbé e lé èjìká, ó kérora, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, Marlys níwájú, Dell lẹ́yìn rẹ̀, èmi lẹ́yìn wọn. A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tó fi tún bẹ̀rẹ̀.

"Abo ni ṣá o," ni ó ń wí, ó ń mí gùlegùle. "Abo. Èèyàn lè fi bùrẹ́dì líle pa abo. Lọ dán an wò lára akọ tó bá dojú kọ ẹ́, pẹ̀lú egungun èjìká tó nípọn bí èyí, ká wá rí bí bàbà rẹ ṣe máa ṣe."

"Màá dán an wò," ni Marlys wí, kò bojú wẹ̀yìn. "Máa gbé ẹrù rẹ bọ̀."